Ooru aṣálẹ̀ ti mọ́ mi lára, èyí tó ń rin yìí ni ò jẹ́ n sùn

Àlejò Iyanrìn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Oṣù kẹwàá rèé tí mo ti ń gbé inú aṣálẹ̀, sọ́má (àsìkò ooru) àkọ́kọ́ mi níbẹ̀ nìyí, kí n má parọ́, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ mo tiẹ̀ ń fọ́nnu ni. Tẹmọ́mítà á wà ní 43°C, èmi á wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́wọ́ gígùn mi, mà á máa fi ẹ̀gbẹ́ ògiri rìn níbi tí ibòòji wà, tí mo bá ti wọlé báyìí kúlà olómi tó wà lórí òrùlé á ti sọ inú ilé di tútù nini, mo tiẹ̀ máa ń fi nǹkan bora lóru. Mo wá ń sọ fún àwọn èèyàn lórí fóònù pé àwọn tó ń pariwo ooru aṣálẹ̀, ariwo lásán ni.

Àfi bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn tí ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ lọ́sàn-án, òjò á máa halẹ̀, kò ní rọ̀. Ooru gan-an wálẹ̀ o, ó ti di 38, ṣùgbọ́n èmi ni mi ò mọ ibi tí mo wà mọ́. Òógùn ń ṣàn wọ ojú mi, aṣọ ń lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn, nǹkan wẹ́wẹ́ ti sú sí mi lọ́rùn, kúlà ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń ti ẹnu ẹ̀ jáde dà bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá ń mí sí èèyàn lójú. Bẹ́ẹ̀dì mi tutù bí ibi tí ọmọdé tọ̀ sí. Ilẹ̀kùn yàrá mi tiẹ̀ ti wú, kò ṣe é tì mọ́. Mo ti pa gbogbo wíńdò dé kí ooru má baà wọlé, pàbó ló já sí. Omi tí mò ń mu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju èyí tí mo fi ń wẹ̀ lọ, síbẹ̀ orí ń fọ́ mi lálaalẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni 38 ṣe máa le ju 43 lọ? Ṣé kúlà mi ló kú ni àbí ara mi? Ó ti ń ṣe mí bíi kí n lọ ra kúlà tuntun.

Oníkúlà

Àbúrò, di owó ẹ mú, kúlà ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń tún wọn ṣe, ọdọọdún tí àsìkò yìí bá ti dé làwọn èèyàn máa ń pè mí pé kúlà àwọn ti kú, tí mo bá débẹ̀ omi ń sun dáadáa, páàdì (nǹkan bíi kànìnkànìn tó ń mu omi) mọ́, mọ́tò ń yí. Kìí ṣe pé omi tútù ló ń mú ilé tutù o, gbígbẹ tí omi yẹn ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́ ni, bó ṣe ń gbẹ ló ń gba ooru dání lọ. Afẹ́fẹ́ tó bá ti mu omi yó tẹ́lẹ̀ ò ní gba òmíràn mọ́, bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ fi àkísà tó ti rin gbingbin nu tábìlì ni.

Wò ó, fi aṣọ tútù we ìdí tẹmọ́mítà kan, kí o wá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ibi tó bá wálẹ̀ dé, kúlà olómi irú tìẹ yìí ò lè kọjá ibẹ̀. Nígbà tí ìta jẹ́ 43 tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ò ju 10% lọ, ó máa wálẹ̀ dé bíi 20, kúlà tó bá dáa á fún ẹ ní nǹkan bíi 25. Ní báyìí tó jẹ́ 38, ká ní ọ̀rinrin wà ní 40%, bíi 27 ló máa dúró sí, kúlà kan náà páàdì kan náà, 29 lo máa rí gbà. Ìta tutù sí i, ilé ẹ gbóná sí i. Ṣé o ti rí i báyìí?

Wíńdò tí o wá ń pa yẹn ló tún ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ pátápátá. Kúlà ò dà bí éàkọ̀n. Éàkọ̀n ń yí afẹ́fẹ́ inú ilé po ni, ó sì ń fa omi jáde nínú ẹ̀, ìyẹn lo ṣe ń rí omi tó ń kán lẹ́yìn ẹ̀, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi máa ń tilẹ̀kùn tó bá tàn án. Kúlà ní tiẹ̀, ìta ló ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, afẹ́fẹ́ yẹn sì gbọ́dọ̀ rí ibi gbà jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ o ti sọ yàrá ẹ di ìkòkò tí wọ́n dé lórí iná. Ṣí wíńdò díẹ̀ ní òdìkejì ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Tí ìta bá ti rin jù, pa pọ́ǹpù omi ẹ̀, jẹ́ kí fáànù ẹ̀ nìkan máa yí lóru. Tí o bá ní éàkọ̀n kékeré fún yàrá kan, àkókò ẹ̀ nìyí, ṣùgbọ́n má tan méjèèjì pọ̀ láé, ọ̀kan ń bu omi sínú ilé, ìkejì ń gbọ́n ọn jáde, owó iná lo máa fi san án.

Ohun tí o máa wò nínú áàpù ojú ọjọ́ ni dew point (ìyẹn ibi tí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ tutù dé kí omi inú ẹ̀ tó di ìrì), má wo percent ọ̀rinrin nìkan, torí percent yẹn máa ń lọ sókè sódò bí ọjọ́ bá ṣe ń gbóná. Tí dew point bá ti ń kọjá nǹkan bíi 13, kúlà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ nìyẹn. Ní Arizona, ìpínlẹ̀ aṣálẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, kó tó di 2008, òun gan-an ni wọ́n fi ń mọ̀ pé àsìkò òjò ti dé, tó bá ti tó bíi 13 yẹn fún ọjọ́ mẹ́ta léra wọn. 2008 ni wọ́n wá ní kó kúkú máa jẹ́ 15 June sí 30 September, kálukú á lè rántí.

Ọmọ Sáìtì

Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n Oníkúlà sọ dáa, ṣùgbọ́n èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ níta ò gbà pé ooru gbígbẹ ló rọrùn o. Èyí tó ń rin, o máa mọ̀ pé ìyà ń jẹ ẹ́. Èyí tó gbẹ, òógùn ti gbẹ kí o tó rí i, o máa rò pé o ò làágùn rárá, iyọ̀ funfun tó lẹ̀ mọ́ kọ́là ẹ ló máa kọ́kọ́ sọ fún ẹ. Ẹnì kan wá síbi iṣẹ́ wa lọ́dún kan, alágbára ọkùnrin, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n gbé odindi iṣẹ́ lé e lórí, kó tó di aago méjì ọ̀sán ó ti ń sọ kántankàntan, ó ń bèèrè ibi tí ọkọ̀ wà nígbà tó fẹ̀yìn ti ọkọ̀ náà. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Láti ìgbà yẹn, ẹni tuntun, 20% iṣẹ́ ni lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á máa fi 20% kún un lójoojúmọ́.

Ní ti fáànù ṣá, ẹ̀tàn ni, ooru ló kàn ń fẹ́ sí èèyàn lára.

Màmá Nọ́ọ̀sì

Ọmọ Sáìtì, ó kù díẹ̀ káàtó. Tó bá ti kọjá 40, òótọ́ ni, fáànù á máa kó ooru bá ara ni. Ṣùgbọ́n ní 38 tó ń rin báyìí, òógùn tó jókòó sí èèyàn lára tí kò gbẹ, fáànù ló máa bá a gbẹ ẹ́. Kí Àlejò da omi sí apá àti ọrùn, kí ó jókòó síwájú fáànù. Òógùn tó bá kán sílẹ̀ ti ṣòfò, èyí tó bá gbẹ lára nìkan ló mú ooru lọ.

Àlejò, ọmọ mi, orí tó ń fọ́ ẹ yẹn ń kọ mí lóminú ju kúlà lọ. Omi nìkan lò ń mu, o ò mẹ́nu ba oúnjẹ. Iyọ̀ ń bá òógùn jáde, tí o bá wá ń da omi lásán lé e, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á máa fò lọ sílẹ̀, ìyẹn náà máa ń fọ́ orí, ó máa ń ru inú sókè, ó lè gbé èèyàn dákú. Ife kan ní ìṣẹ́jú 15 sí 20 tó o bá ń ṣiṣẹ́ nínú ooru, kó má tó lítà kan ààbọ̀ ní wákàtí kan, kí o sì máa jẹun tó níyọ̀. Tó bá ju wákàtí méjì lọ tí o ti ń làágùn, ORS (omi oníyọ̀ àti ṣúgà) dáa. Tí orí yẹn ò bá wá lọ, lọ rí dókítà. Tí o bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, irú èyí tó máa ń mú èèyàn tọ̀ léraléra, sọ fún wọn, má fọwọ́ ara ẹ dá a dúró o.

Ní ti pé ṣé ara ẹ ni, rárá. Ara máa ń gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì láti mọ ooru, á máa tètè làágùn, òógùn ẹ̀ á pọ̀ sí i, iyọ̀ inú ẹ̀ á dín kù. O ti ṣe ìyẹn tán. Ṣùgbọ́n bí ara ti wù kó mọ̀ ọ́n tó, kò lè mú òógùn gbẹ sínú afẹ́fẹ́ tó ti yó. Nítorí náà dín iṣẹ́ kù, má fi ipá ṣe bíi ti oṣù tó kọjá. Tí o bá sì rìnrìn àjò lọ síbi tó tutù ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, tí o bá dé, rọra bẹ̀rẹ̀.

Àti gbogbo yín, ẹni tó bá ti ń sọ kántankàntan nínú ooru bíi ti ọkùnrin yẹn, ẹ má dúró wo òógùn bóyá ó wà tàbí kò sí, ẹ pe àwọn onípàjáwìrì, kí ẹ sì tì í sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fún un lómi mu tí kò bá mọ ibi tó wà.

Àlejò Iyanrìn

Ẹ ṣé gan-an ni o. Mo pa pọ́ǹpù lánàá, mo ṣí wíńdò ilé ìdáná díẹ̀, mo fi fáànù sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo jẹun tó níyọ̀ dáadáa kí n tó sùn. Mi ò ní sọ pé ó tutù o, ṣùgbọ́n mo sùn di aago márùn-ún. Orí ò fọ́ mi. Màmá, mà á ṣì lọ rí dókítà.

Ó ku ilẹ̀kùn yẹn. Ṣé kí n fi ayùn gé etí ẹ̀ ni?

Oníkúlà

Há, má dán an wò! Omi ló mu. Tí afẹ́fẹ́ bá padà gbẹ á súnkì fúnra ẹ̀, èmi gé tèmi lọ́dún àkọ́kọ́, títí di òní òkúta ni mo fi ń dí i kó lè dúró.