Àbúrò mi fẹ́ máa mòòkùn lóru: iná wo ló tó?

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìwópin, létí omi Ìjẹ̀bú, ni mo wà. Àbúrò mi ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ pọ̀n mòòkùn, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá fẹ́ máa wọ ọ̀sà lóru. Lóru kẹ̀! Ìyá wa ò tíì gbọ́.

Ó ní kálukú á mú tọ́ọ̀ṣì méjì, iná kékeré kan á sì wà lára sílíńdà. Tẹ́nì kan bá fi tọ́ọ̀ṣì ya òrùka, àlàáfíà ni; tó bá ń fì í sọ́tùn-ún sósì kíákíá, wàhálà ti dé. Ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n omi tiwa dúdú, ẹrẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ṣé iná á là á já?

Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ló ń bà mí lẹ́rù jù. Òfin òkun ní kí ọkọ̀ tó dúró de àwọn tó mòòkùn tan iná mẹ́ta léra: pupa, funfun, pupa. Apẹja wo ló máa mọ ìyẹn níbí?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ṣé ká kọ́kọ́ lọ bá àwọn ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀ ní èbúté ni, àbí kí n ní kó má lọ rárá?