Ohùn bàbá mi lórí ìkànnì ẹlòmíì

Ọmọ Ọ̀ffà ni mí, Kubwa ní Àbújá ni mò ń gbé, iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe. Kí bàbá mi tó di olóògbé, mo gba ohùn wọn sílẹ̀ sínú fídíò ní pálọ̀ mi. Oríkì ìlú wa ni wọ́n ń kì, "ìjàkadì lorò Ọ̀ffà", títí wọ́n fi dé ìdílé tiwa. Láàárín rẹ̀, wọ́n wúkọ́, wọ́n ní kí n bu omi wá.

Ní ọdún 2024 ni mo bá fídíò náà lórí ìkànnì kan tí wọ́n fi ń pawó. Wọ́n ti fi dúdú bo orúkọ mi nísàlẹ̀, wọ́n kọ tiwọn lé e. Ṣùgbọ́n ikọ́ bàbá mi wà níbẹ̀, àti omi tí wọ́n bèèrè. Ara mi gbọ̀n.

Mo gba ilé iṣẹ́ tí mo ti ń ra dátà lọ ní Wuse, mo pariwo. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ojú ọ̀nà lásán la jẹ́, ọ̀dọ̀ wa kọ́ ni fídíò náà wà." Mo rò pé ó fẹ́ fi mí ṣeré ni. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó jẹ́ lọ́yà ní Gwarinpa ló là mí lóye.

"Àbúrò, òótọ́ ló sọ. Ilé iṣẹ́ tó gba fídíò náà sórí ẹ̀rọ rẹ̀ kí aráyé lè máa wò ó ni kí o kọ̀wé sí."

Ẹ̀gbọ́n náà ní òfin kọ́píráìtì, òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ oníṣẹ́, ti ọdún 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ti là á sílẹ̀. Ìwé rẹ bá ti dé, ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ tètè sọ fún ẹni tó gbé e síbẹ̀. Bí onítọ̀hún kò bá rí àlàyé ṣe láàárín ọjọ́ 10, kí wọ́n yọ ọ́. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ̀bi rẹ̀ di tiwọn náà.

Ìwé mi àkọ́kọ́ kò ṣiṣẹ́, ìbínú ló kún inú rẹ̀. Nínú èkejì, mo kọ líǹkì fídíò náà gan-an, mo sọ iṣẹ́ tí wọ́n jí, mo kọ nọ́ńbà àti àdírẹ́sì mi, mo búra pé òótọ́ ni, mo sì fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ kọkànlá, wọ́n yọ ọ́.

N kò bínú pé òfin ń dáàbò bo àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí. Bí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ oníbàárà bá di tiwọn, ta ni yóò gba iṣẹ́ àwa kéékèèké sórí ẹ̀rọ? Àmọ́ ọjọ́ 10 ti pọ̀ jù fún ohun tó ń ràn bí iná inú ọyẹ́. Èyí tó ti wọ WhatsApp, kò sẹ́ni tó lè kó o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan ní Nyanya fi ránṣẹ́ sí mi: "Ẹ gbọ́ bàbá kan tó mọ oríkì Ọ̀ffà dáadáa."