Àwo wo lẹ ń gbọ́ lọ́wọ́? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

awakọ̀_òru: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Álíbọ́ọ̀mù wo lẹ ń gbádùn lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí? Èyí tí mo lè tẹ̀ kó máa lọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin o, torí alẹ́ ni mo máa ń wakọ̀, mi ò fẹ́ máa fọwọ́ kan fóònù. Ẹ sọ ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ràn ẹ̀ jọ̀ọ́.

ọmọ_Mushin: Mr. Money With The Vibe ti Asake. 2022 ló ti jáde àmọ́ kò tíì sú mi, gbogbo ẹ̀ ò ju bí ọgbọ̀n mínẹ́ẹ̀tì lọ, orin kan á kàn wọnú èkejì, o ò ní mọ̀gbà tó parí. Ègbè yẹn ló ń pa mí jù!!

Bàbá_Fújì: Ègbè tó ò ń pariwo ẹ̀ yẹn, ilé fújì ló ti wá. Lọ gbọ́ Fuji Garbage tí Síkírù Àyìndé Barrister ṣe lọ́dún 1988, kó o wá padà wá bá wa sọ̀rọ̀ 😂

Àdùnní_L: Aṣa, àwo ẹ̀ àkọ́kọ́, 2007. Àmọ́ tí àárín ìwọ àti olólùfẹ́ ẹ ò bá gún, má fi orin Bibanke inú ẹ̀ wakọ̀ o, wàá kàn máa sunkún ní márosẹ̀ ni.

Ìyá_Ìbejì: Oroki Social Club ti Haruna Ishola ni tèmi, 1971. Kò sí gìtá kankan níbẹ̀, agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù ni, ohùn bàbá yẹn ò sì kánjú rárá. Ẹgbẹ́ àwọn gbajúmọ̀ kan l'Óṣogbo ló ń kì, mi ò mọ ẹnì kankan nínú wọn, síbẹ̀ tó bá ti ń kì wọ́n báyìí á máa ṣe mí bíi kí n lọ rán aṣọ ẹgbẹ́.

onígìtá: Alẹ́ kẹ̀? Sunny Ade ni. Juju Music tí iléeṣẹ́ àwo Island gbé jáde ní 1982 dáa, gìtá háwáì tí Demola Adepoju ń ta níbẹ̀ á wọ̀ ẹ́ lára, ṣùgbọ́n wọ́n gé orin wọ̀nyẹn kúrú fáwọn òyìnbó ni o. Àwọn tó ṣe nílé ṣáájú ìgbà yẹn ni kó o wá, orin kan lè gba odindi ojú àwo kan, bíi ogún mínẹ́ẹ̀tì, wọn ò ní dúró mí.

awakọ̀_òru: @onígìtá ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn. Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé mà, màá gbọ́ tiyín lọ́jọ́ Sunday. Ti Asake, ọmọ mi ti fi dí mi létí nílé.

ọmọ_Mushin: Ọmọ yẹn gbọ́n 😂