Ṣé a lè kọ káńọ̀n ẹ̀fẹ̀ Mozart níbi àríyá kọ́yà?

Áltò_Ìbarà:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará. Kọ́yà wa ní Abẹ́òkúta níbí fẹ́ ṣe àríyá lẹ́yìn háfẹ́sìtì, orin àti jíjẹ mímu ni, kò sí ìwàásù. Ọ̀gá kọ́yà ní ká wá nǹkan tó máa pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ni ténọ̀ wa kan bá gbé Bona nox ti Mozart, òǹkọ orin òyìnbó àtijọ́ yẹn, wá láti orí YouTube, káńọ̀n ni, ẹnìkan á bẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù á máa fi orin kan náà tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, olóhùn mẹ́rin, ó dùn gan-an, kí n tó ṣẹ́jú gbogbo wọn ti ń kọ ọ́ kiri. Ìgbà tí mo délé ni mo wo ìtumọ̀ Jámánì yẹn, yéè! Wọ́n ní kéèyàn yàgbẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì! Àwọn ìyá ìjọ ló máa jókòó níwájú o. Ṣé ká fi sílẹ̀ ni? Mo tún ń wá orin ìfẹ́ fẹ́lẹ́ kan tá a lè fi tẹ̀ lé e.

Bẹ́èsìAké:
Àǹtí, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. 2 September 1788 ni Mozart kọ káńọ̀n mẹ́wàá sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, Alleluia àti Ave Maria wà níbẹ̀, Bona nox náà wà níbẹ̀, ọwọ́ kan náà ló kọ gbogbo ẹ̀. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni Difficile lectu. Akọrin kan wà tó ń jẹ́ Peyerl, ará Bavaria, ẹnu ẹ̀ máa ń lọ́ ọ̀rọ̀, ni Mozart bá kọ ọ̀rọ̀ kan tó dà bíi Látìn, kò nítumọ̀ kankan, àmọ́ tó bá ti ti ẹnu Peyerl jáde ó ti di "lá ìdí mi" nìyẹn. Wọ́n ní bó ṣe kọ ọ́ tán ni wọ́n yí bébà náà sódì, òmíràn ti wà lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ń pe Peyerl ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Òru ẹ̀fẹ̀ àwọn Yewa gan-an nìyẹn, wọ́n á dárúkọ ẹ sínú orin, o ò sì gbọdọ̀ bínú.

ỌmọLáfẹ́nwá:
Ta ló gbọ́ Jámánì nínú ìjọ yín? Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà jàre 😂

Bàbá Ọ́gàànù:
Ìwọ ọmọ yìí, fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò kí orin tó parí. Ìyá Ìbarà, ẹ má fi sílẹ̀. Nígbà tí Constanze ìyàwó rẹ̀ kó àwọn káńọ̀n yìí fún ilé ìtẹ̀wé Breitkopf àti Härtel lẹ́yìn ikú ọkọ ẹ̀, ṣebí àwọn náà pààrọ̀ ọ̀rọ̀ burúkú inú ẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Èdè márùn-ún ni Bona nox fi ń kí èèyàn pé ó dàárọ̀, ìparí ẹ̀ ní kéèyàn sùn dáadáa kó sì máa rí roboto, ìlà bẹ́ẹ̀dì yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ fi la-la-la dí. Ẹ má sáré tú u sí Yorùbá o! Orin kan náà ló ń ti ẹnu ẹnìkan bọ́ sí ti ẹlòmíì, tó bá gbé ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wálẹ̀ sókè, ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ máa ṣì í sọ.

Orin ìfẹ́, ẹ wá Due pupille amabili, ti Mozart náà ni. Sópránò méjì, bẹ́èsì kan, basset horn mẹ́ta (irú kílárínẹ́ẹ̀tì kan tí ohùn ẹ̀ wálẹ̀), kílárínẹ́ẹ̀tì lè gbà á ṣe, kíbọ́ọ̀dù náà lè gbà á, kò ní pa yín lára. Das Bandel wà níbẹ̀ náà, tọkọtaya ń wá ríbọ́ọ̀nù, ọ̀rẹ́ wọn kan bá wọlé. Mozart kọ ọ́ fún ara ẹ̀, Constanze àti Jacquin ọ̀rẹ́ wọn.

Áltò_Ìbarà:
Ẹ ṣé gan-an sà. Mo ti fi Das Bandel sí orí WhatsApp kọ́yà, sópránò méjì ti ń jà báyìí lórí ta ló máa ṣe Constanze.

Bàbá Ọ́gàànù:
Ẹ fún èyí tó máa ń tètè dé rìháásà.