Fífọ ẹ̀rọ ìfún-oyin lẹ́yìn ìkórè: ṣé omi híhó ni àbí omi tútù?

Ìbéèrè, láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nínú ọ̀sìn oyin. Ọdún yìí ni mo kọ́kọ́ kó oyin láti inú àpótí tèmi. Ẹ̀rọ ìfún-oyin tí mo lò, irú èyí tí ó dà bí àgbá tí a ń fi ọwọ́ yí, kì í ṣe tèmi. Ẹgbẹ́ wa ni ó ni ín, ẹlòmíràn sì ti ń dúró dè é. Oyin àti ìda ti lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, àti mọ́ asẹ́, ọ̀bẹ àti garawa. Ìyàwó mi ní kí n da omi híhó sí i bí a ṣe ń ṣe sí ìkòkò ọlọ́ràá, ṣùgbọ́n aládùúgbò wa kan ní kí n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àpótí kí àwọn oyin fúnra wọn lá a mọ́. Èwo ni kí n ṣe? Ṣé mo lè lo ọṣẹ? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìyí, omi kànga wa sì ti lọ sílẹ̀.

Èsì, láti Ìjerò-Èkìtì

Ẹ kú oríire ìkórè o. Ẹ má tíì fi omi híhó kàn án rárá. Ìda kì í yọ́ títí ooru yóò fi tó nǹkan bí 62 sí 64 lórí òṣùwọ̀n Celsius; bí ẹ bá da omi tí ó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i, ìda yóò yọ́, yóò tẹ́ pẹrẹsẹ sára irin, yóò sì dí ojú asẹ́, bí ó bá sì ti tutù tán, ó di ká máa họ ọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Oyin ní tirẹ̀ máa ń yòrò nínú omi tútù lásán, ìda tí ó bá sì wà nínú omi tútù yóò le, yóò sì rọrùn láti ṣí kúrò.

Ní ti omi tí kò tó, ẹ fi nǹkan gbé ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà sókè kí ó dagun sí ìhà táàpù rẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí oyin tí ó kù lè ṣàn sínú garawa. Ẹ fi pákó pẹlẹbẹ họ ìda kúrò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ti táàpù, kí ẹ da omi díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ máa fi kànìnkànìn rírọ̀ nu ara àgbá láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Kò di dandan kí àgbá kún. Ọṣẹ kò burú, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni, èyí tí kò ní òórùn, lẹ́yìn tí ìda bá ti kúrò tán, nítorí oyin máa ń fa òórùn mọ́ra.

Èsì, láti Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ìmọ̀ràn aládùúgbò yín ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Àwọn oyin yóò lá a mọ́ lóòótọ́, mi ò lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n oyin tí ó ṣí sílẹ̀ ní ìta máa ń mú kí àwọn ilé oyin bẹ̀rẹ̀ sí í ja ara wọn lólè, inú oyin ilẹ̀ wa kì í sì í pẹ́ ru. Ewúrẹ́ tí a so àti ọmọdé tí ń kọjá lọ ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ̀rọ ẹgbẹ́ ni èyí, ó ń ti ilé oyin kan bọ́ sí òmíràn, àrùn tí ń pa ọmọ oyin sì lè bá oyin tí ó kù nínú rẹ̀ rìn. Omi àkọ́kọ́ tí ẹ bá fi fọ̀ ọ́, ẹ dà á sínú kòtò jìnnà sí àpótí, kí ẹ sì bo erùpẹ̀ mọ́ ọn.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Ohun dúdú kan wà lára ọ̀bẹ, ó ń fà bí oje igi, omi tútù kò sì ràn án.

Èsì, láti Adó-Èkìtì

Ohun tí àwọn oyin fi ń dí ihò ilé wọn nìyẹn. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú ògógóró nù ún, yóò kúrò. Ẹ má ṣe é nítòsí iná, kí ẹ sì fi omi ṣan ọ̀bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí omi wọ ibi tí eyín ẹ̀rọ ti ń yí, aṣọ ọ̀rinrin ni kí ẹ fi nu ibẹ̀.

Gbígbẹ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà sí. Oyin tí omi inú rẹ̀ bá ju nǹkan bí ìpín 20 nínú 100 lọ lè kan, nítorí náà, omi tí ó bá kù nínú àgbá tàbí garawa lè ba oyin ẹni tí ó kàn jẹ́. Ẹ ṣí táàpù sílẹ̀, ẹ dojú garawa dé sórí igi méjì kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, inú ilé sì ni kí ẹ ti ṣe é, níbi tí oyin kò ti ní rí i. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti gbẹ, ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó kí ẹ tó gbé e fún ẹni tí ń dúró dè é.