Ọjọ́ mẹ́rin ní Santa Fe fún tọkọtaya: ṣé ó pọn dandan ká háyà mọ́tò?

Arìnrìnàjò: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́rin ní Santa Fe, New Mexico, ní Amẹ́ríkà, nínú oṣù Keje. A ò fẹ́ kánjú rárá, ìrìn gbẹ̀fẹ́ la fẹ́ rìn. Albuquerque ni ọkọ̀ òfuurufú wa máa balẹ̀ sí. Ṣé ó pọn dandan ká háyà mọ́tò? Kí ló sì máa ń dààmú àlejò níbẹ̀?

Afinimọ̀nà: Gíga ìlú náà ni, ẹ̀gbọ́n. Santa Fe ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi 2,100 mítà. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, ó sì gbẹ. Ẹni tó bá dé lónìí tó ní òun máa gun òkè lónìí náà, orí á máa fọ́ ọ, á máa mí hẹlẹ, oorun ò sì ní kùn ún lálẹ́. Ọjọ́ kìíní, ẹ kàn rìn yí Plaza, ìyẹn gbàgede àárín ìlú, ká, kó tán síbẹ̀. Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀, ẹ má dúró de òùngbẹ, torí òógùn ti máa ń gbẹ lára kéèyàn tó mọ̀ pé òun làágùn. Ọtí tètè ń pa èèyàn níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Ẹ dé akẹtẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ mú súwẹ́tà dání fún alẹ́.

Òjò tòun ti àrá sábà máa ń ṣú lọ́sàn-án nínú oṣù Keje. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe gbogbo ohun tó jẹ́ ti ìta. Ẹ fi Georgia O'Keeffe Museum, ilé tí wọ́n kó iṣẹ́ ayàwòrán obìnrin yẹn sí, de ọ̀sán, kẹ́ ẹ sì ti gba tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọ Rélùwéè: Ẹ ò nílò mọ́tò nínú ìlú. Ọkọ̀ ojú irin Rail Runner ń gbé èèyàn láti àárín Albuquerque dé Santa Fe Depot, bíi wákàtí kan ààbọ̀. Kì í dé pápákọ̀ òfuurufú, bọ́ọ̀sì tàbí takisí lẹ máa wọ̀ dé ibùdókọ̀ rẹ̀. Òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń já àlejò kulẹ̀: ọkọ̀ kì í pọ̀ nígbà náà, ẹni tí ọ̀kan bá sì lọ mọ́ lọ́wọ́ á jókòó pẹ́.

Ẹ háyà mọ́tò fún ọjọ́ kẹta nìkan, kẹ́ ẹ fi lọ sí Bandelier, ọgbà ìjọba tí ibùgbé àtijọ́ wà nínú rẹ̀, ìrìn bíi wákàtí kan. Àwọn baba ńlá àwọn Pueblo, ọmọ ìbílẹ̀ agbègbè náà, gbẹ́ yàrá sínú àpáta ibẹ̀, èyí tó rọ̀ torí pé eérú òkè oníná ló dì. Alcove House, ihò àpáta kan níbẹ̀, fi bíi mítà 43 ga ju ilẹ̀ lọ, àkàbà igi mẹ́rin ni wọ́n fi ń gùn ún. Ẹni tí òòyì máa ń kọ́ kó dúró nísàlẹ̀.

Arìnrìnàjò: Ẹ ṣeun gan-an. Ọjọ́ kejì ńkọ́?

Ìyá Oníṣọ̀nà: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Palace of the Governors, ilé ìjọba àtijọ́ tó ti wà láti nǹkan bí ọdún 1610. Abẹ́ ìloro rẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ìbílẹ̀ ń pàtẹ fàdákà àti òkúta turquoise sí. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn tàbí ti ará ilé wọn nìkan ni wọ́n láṣẹ láti tà níbẹ̀. Ẹ yí inú òrùka síta, kẹ́ ẹ wá àmì ẹni tó rọ ọ́. Ẹ má ya fọ́tò ẹnikẹ́ni láìgbàṣẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ rìn lọ sí San Miguel Chapel, ilé ìjọsìn àtijọ́ tí wọ́n fi bíríkì amọ̀ kọ́. Ẹ sún mọ́ ògiri rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí koríko gbígbẹ tí wọ́n pò mọ́ amọ̀. Símẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ nígbà kan, ṣùgbọ́n símẹ́ǹtì ò jẹ́ kí omi tó bá wọ ògiri rọ́nà jáde, bíríkì amọ̀ á wá máa rà láti inú. Wọ́n há a kúrò, wọ́n fi amọ̀ rẹ́ ẹ padà. Lójú tèmi, ògiri yìí dùn ún wò ju gbogbo ilé àwòrán tó wà ní òpópónà Canyon Road lọ. Loretto Chapel wà nítòsí. Àtẹ̀gùn igi rẹ̀ yí po lẹ́ẹ̀mejì láìní òpó láàárín.

Ní ilé oúnjẹ, wọ́n á bi yín bóyá ata pupa lẹ fẹ́ tàbí aláwọ̀ ewé. Aláwọ̀ ewé ni èyí tí kò tíì pọ́n, tí wọ́n sun lórí iná, tí wọ́n sì bó; pupa ni èyí tó pọ́n tí wọ́n sá gbẹ. Tó bá jẹ́ méjèèjì, ẹ ní “Christmas”. Èyí tó ta jù ń yàtọ̀ láti ilé oúnjẹ kan sí òmíràn, torí náà ẹ ní kí wọ́n bù ú sí abọ́ kékeré lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Afinimọ̀nà: Ẹ tètè gba yàrá o. International Folk Art Market, ọjà iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ káàkiri àgbáyé, máa ń bọ́ sí oṣù Keje, yàrá tó sún mọ́ Plaza kì í sì í pẹ́ tán.