Báwo ni mo ṣe lè máa ṣọ́nà nígbà tí nǹkan ń lọ déédéé?

Oníṣu Ìkẹ́rẹ́: Ẹ̀yin ará, ọjà ń yá, àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Nígbà tí nǹkan le, ààwẹ̀ kì í ni mí lára. Ní báyìí, oorun ń borí àdúrà òru. Láìpẹ́ yìí, ó sọ sí mi lọ́kàn pé kí n ki iṣu tó ti ń rà sáàárín èyí tó dára fún oníbàárà tó fọkàn tán mi. N kò ṣe é, àmọ́ báwo ni irú èrò bẹ́ẹ̀ ṣe ráyè?

Alàgbà Ìjerò: Ìyá wa, ẹ ka Sámúẹ́lì Kejì orí 11. Nígbà tí Sọ́ọ̀lù ń lé Dáfídì kiri kọ́ ló rí Bátíṣébà, ìyàwó oníyàwó tó bá dẹ́ṣẹ̀. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wà lójú ogun, òun jókòó sí Jerúsálẹ́mù, ó ń rìn lórí òrùlé ààfin. Ìdẹra ló ká a mọ́bẹ̀! Ẹ má dúró de ìṣòro kí ẹ tó gbàdúrà.

Ọmọ Ẹ̀fọ̀n: Òótọ́ ni, sà. Ìlú wa ni wọ́n sin Àpóstélì Ayọ̀ Babalọlá sí ní 1959. Àdúrà àti ààwẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ wọ́n. Mọ́mì, ẹ wá ẹnì kan tí ẹ ó jọ máa gbàdúrà.

Oníṣu Ìkẹ́rẹ́: Ẹ ṣé gan-an. Màá bá ẹlẹ́lùbọ́ ẹ̀gbẹ́ mi sọ ọ́ lọ́la.